Bọ̀dá Kámẹ́rà àti Itan Adìẹ Tó Sọnù

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó pín in kiri, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ṣé ẹ mọ Bọ̀dá Kámẹ́rà? Òun náà ni, èyí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí kànga, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, tí ìyàwó rẹ̀ máa ń bá a fa wàhálà nítorí dátà. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ìyàwó yẹn jàre. Dátà tí ẹlòmíràn á fi kí gbogbo ẹbí fún oṣù kan gbáko, fídíò ẹyọ kan ni ọkùnrin yẹn ń fi ránṣẹ́.

Kó tó di Bọ̀dá Kámẹ́rà, Bàbá Ìbejì lásán ni. Ó kó àjọ, gbogbo wa rò pé yóò fi tún òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ṣe, àfi bó ṣe gbé fóònù kan wọlé tó ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn. Ìyá Alákàrà wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹni tí ojú méjì tí Ọlọ́run fún un ò tíì rí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, kí ló fẹ́ fi ojú mẹ́ta wò?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fídíò. A ní ta ni yóò kọ́ ọ? Ó ní ẹ̀yin náà ni. A ò mọ ohun tó ní lọ́kàn, a rò pé ó ń ṣàwàdà.

Lórí Ìyá Alákàrà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: ẹnu wọn kì í dákẹ́, ọwọ́ wọn kì í sinmi. Wọ́n lè máa bá oníbàárà jà lórí ṣéńjì, kí wọ́n máa lé ewúrẹ́, kí wọ́n máa bi ọmọ ọlọ́mọ léèrè ìyá rẹ̀, síbẹ̀ àkàrà kan ò ní jóná. Ṣùgbọ́n bí Bọ̀dá Kámẹ́rà ṣe gbé fóònù sókè tó ní, “Màmá, mo ti bẹ̀rẹ̀ o,” kíá ni wọ́n dìde. Wọ́n tún gèlè wé, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, wọ́n fajú ro, wọn ò sì mí mọ́. Àkàrà bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Ó ní, “Màmá, ẹ máa ṣe nǹkan, fídíò ni.” Wọn ò la ẹnu, igun ẹnu ni wọ́n fi dá a lóhùn: “Yà á tán ná.”

Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Láyé ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ẹni tó bá mira níwájú oníkámẹ́rà ti fi owó ṣòfò nìyẹn, orí méjì ni yóò bá jáde. Àwọn òbí wa mélòó ló rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ yín? Ẹ lọ wò ó.

Bọ̀dá Kámẹ́rà wò ó, ó rí i pé bí òun bá ń pe Màmá sí fídíò, ère ni yóò máa rí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí èrò kún ìdí agbada, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó wá ra àkàrà, ó gbé fóònù ti ike ṣúgà, ó sì gbójú kúrò níbẹ̀. Ó ra àkàrà. Ó jẹ ẹ́. Ó tún ra òmíràn. Màmá gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ẹ wá wo fídíò yẹn! Ọwọ́ wọn nìkan ni, bó ṣe ń lu ẹ̀wà lílọ̀ nínú ọpọ́n títí tó fi hó kùṣùkùṣù, bí ṣíbí ṣe ń sọ ọ́ sínú epo gbígbóná láìta síni lára, bí etí àkàrà ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, àti ajere tó ń gbé wọn jáde tí epo ń kán padà sínú agbada. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó gbọ́ ohùn Màmá láti ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n ń bú ẹnìkan pé ó ti jẹ gbèsè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Màmá wò ó, wọ́n ní, “Ọwọ́ mi rẹwà báyìí?” Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti ń fi àdín pa ọwọ́ kí wọ́n tó gbé agbada kaná.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Kó tó mọ ìyẹn ṣe, ojú wa rí nǹkan. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lójú kan. Yóò ya ọmọ tó ń sunkún, kó tó di pé a mọ ìdí ẹkún, ó ti bọ́ sórí adìẹ, láti orí adìẹ ó ti fa òrùlé súnmọ́ wa, ó tún tì í padà. Nígbà tó so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n Bàbá Lándíládì pé ká wá wo ìsọmọlórúkọ ilé kejì, òòyì ló kọ́ gbogbo wa. Bàbá Lándíládì di apá àga mú. Wọ́n ní, “Ṣé ilẹ̀ ló ń mì ni?”

Ẹ sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò lè mẹ́nu kan àwòrán lójú Bàbá Lándíládì kí wọ́n má kó o lọ sí WNTV. Òótọ́ ni pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ níbí ní Ìbàdàn, láyé ìjọba Awólọ́wọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ gbé oúnjẹ alẹ́ yín wá. Wọ́n ní kámẹ́rà inú ilé iṣẹ́ nígbà yẹn wúwo, ó ní ìdí tó dúró lé lórí, ẹnikẹ́ni ò lè máa jù ú kiri bí ẹni ń lé eṣinṣin. Wọ́n ní kó tún lọ wo iṣẹ́ Túndé Kèlání, ọkùnrin tó jẹ́ pé ìdí kámẹ́rà ló ti bẹ̀rẹ̀, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London Film School, kó tó wá di ẹni tó ń darí eré. Ni Bọ̀dá Kámẹ́rà bá ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú Ṣaworoidẹ, fíìmù ọdún 1999 yẹn. Ó pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, àwòrán nìkan ló ń wò, ó ń ka bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó lójú kan kó tó yí padà. Ìyàwó rẹ̀ sáré wá bá mi pé ọkọ òun ń wo fíìmù láìgbọ́ ohùn, ó sì ń ka nǹkan lábẹ́ ẹnu, ṣé kí òun pe ẹbí ni?

Ìgbà tó jáde síta, ó ti ní òfin: bó bá gbé fóònù síbì kan, yóò ka ení dé ẹ̀wá kó tó gbé e kúrò. Bó bá fẹ́ rí ohun kan nítòsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn lọ bá a, kò ní máa fa àwòrán gùn. Yóò gbá ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà. Ẹ máa fọkàn sí òfin kíka dé ẹ̀wá yẹn o, torí òun ló kó Alága ẹgbẹ́ agboolé wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Òfin yẹn dùn mọ́ mi torí pé mo rántí àwọn oní-fídíò ìyàwó ti ayé ọjọ́un. Ẹ̀yin náà ò gbàgbé! Ọkùnrin kan á gbé kámẹ́rà oníkáséètì VHS lé èjìká, ọmọkùnrin kan á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú iná tó lè gbẹ aṣọ, wáyà á máa wọ́ tuuru lẹ́yìn wọn. Ibo ni wọ́n máa ń lọ? Ìdí oúnjẹ! Bí ẹ bá ti ń fi eyín ya ẹran báyìí, lójijì ni ọ̀sán á pọ́n sí yín lójú. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó jẹ́ pé nínú káséètì ìgbéyàwó márùn-ún, ẹnu rẹ̀ kún nínú gbogbo wọn. Ọmọ rẹ̀ tó ń wò ó nílùú ọba ní ṣé dádì ò sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un ni?

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀hẹ́n, ibi iṣẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá gbọ́ pé ó ti ń ya fídíò, wọ́n ní kó ṣe kékeré kan tí wọ́n á fi máa fa oníbàárà. Ó gbé ọ̀gá dúró níwájú fèrèsé, ó ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yìn ọ̀gá ló wà. Nígbà tí wọ́n wò ó, fèrèsé mọ́ rekete, ọ̀gá ṣú biribiri, eyín nìkan ló hàn. Wọ́n ní, “Èmi rèé àbí òjìji mi?” Ó yí wọn padà kí wọ́n kọjú sí fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ wá kẹ́yìn sí i, ó sì fi ìka tẹ ojú wọn mọ́lẹ̀ lórí fóònù, kí fóònù lè mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n ní kó wò. Ojú ọ̀gá bá yọ. Àní ilà rẹ̀ hàn.

Kété tó gbé e dé ibi ẹ̀rọ, tí gílóòbù gígùn wọ̀nyẹn ń tàn lókè, ni ìlà dúdú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ lójú fóònù láti òkè dé ilẹ̀, tí kò dáwọ́ dúró. Akápò ilé iṣẹ́ wọn, àwọn màmá kan tí wọn kì í fi àwẹ̀ ṣeré, rí i, wọ́n bú sádùúrà. Wọ́n ní àwọn ti ń sọ ọ́ pé yàrá yẹn ò mọ́. Àdúrà yẹn pẹ́. Ọmọdékùnrin tó ń ṣe pléètì fún wọn ló dúró kí wọ́n ṣe àmín tán, kó tó ní kì í ṣe ẹ̀mí kankan, iná Nẹ́pà ni. Ó ní iná tiwa níbí ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí bẹ́ẹ̀ gílóòbù yẹn ń ṣẹ́jú nígbà 100, ojú ènìyàn ni kò lè bá a. Fóònù wá ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ẹsẹ̀ wọn ò ṣọ̀kan. Amẹ́ríkà tí iná tiwọn jẹ́ 60 ni 30 bá lára mu. Ó yí i sí 25, ó ní kí ojú kámẹ́rà máa ṣí fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà pòórá. Màmá akápò ní ṣé ẹ rí i, àdúrà gbà.

Ohùn ló kù. Ẹ̀rọ Kord tí wọ́n fi ń tẹ̀wé níbẹ̀, bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ ara yín. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ̀rọ nìkan là ń gbọ́. Bọ̀dá Kámẹ́rà yá fóònù ìyàwó rẹ̀ (ẹ fojú inú wo ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀), ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó fi sí àpò àyà ọ̀gá, ó sì fi fóònù tirẹ̀ ya àwòrán. Kó lè rọrùn fún un láti so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán tó bá délé, ó ní òun yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ pá! Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, àwọn náà ń pàtẹ́wọ́, ẹnìkan tilẹ̀ ń súfèé. Ọ̀gá tẹrí ba, wọ́n ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìgbà tó ṣàlàyé tán pé ẹyọ kan lòun nílò, inú ọ̀gá ò dùn mọ́.

Ó wá kan Òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ẹgbẹ́ agboolé wa háyà bọ́ọ̀sì, a gba Ọmí-Adió, a gba Bákàtàrí, a kọjá Ọdẹ́dá, orin lẹ́nu, àkàrà àti búrẹ́dì lọ́wọ́. Bọ̀dá Kámẹ́rà jẹun, ó ya fídíò, ó jẹun, ó ya fídíò. Èéṣe tí mo fi ń sọ èyí? Nítorí pé nígbà tí a máa fi gun òkè dé ìdajì, Ìyá Alákàrà yọjú wo fóònù, wọ́n ní, “Ọyẹ́ wo ló ń fẹ́ nínú oṣù kẹrin?” Gbogbo àwòrán rí bàìbàì, òòrùn ń tú ká bí irun àgbàdo. Epo àkàrà ni! Ìka rẹ̀ ti fi epo kun ojú kámẹ́rà láti Ọmí-Adió. Wọ́n fi ìdí ìró nù ún fún un, ó mọ́. Nínú ohun tí gbogbo wa rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ fídíò, ìyẹn ló wúlò jù, kò sì gba kọ́bọ̀: ẹ nu ojú fóònù yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Olúmọ mọ ihò abẹ́ òkúta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, nígbà tí wọ́n tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1830. Òkùnkùn wà níbẹ̀, èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó wọlé. Bó ṣe ń ya wá bọ̀ láti inú òkùnkùn síta, ojú fóònù bá funfun gbòò, a ò rí ara wa mọ́, ó sì tó ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí a tó tún yọ. Lójú tèmi o, ìyẹn gan-an ló dára jù níbẹ̀, torí bí ojú tiwa náà ṣe rí nìyẹn nígbà tí a jáde. Òun ò gbà. Ó pa dà wọlé, ó fi ìka ti ìmọ́lẹ̀ fóònù pa sí ti ìta, ó ní ká tún jáde. A jáde. Ó ní ìrìn Ìyá Alákàrà ti ń dà bíi ti ológun. A tún jáde. Àwọn àlejò tó wà lẹ́yìn wa rò pé àwọn òṣèré ni wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwa náà.

Lókè téńté, atẹ́gùn ò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan yọ lẹ́sẹ̀ Kẹ́hìndé ọmọ rẹ̀, ó fi wọ máíkì kékeré tó wà lára wáyà etí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́! Ó wá rọra yí kámẹ́rà láti Odò Ògùn wá sí ilé ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké, dé ara àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, bẹ́ẹ̀ láìkánjú. Kẹ́hìndé sì ń ké nítorí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ohùn yẹn wà níbẹ̀ di òní.

Alága ò bá wa gòkè. Wọ́n ní orókún àwọn ń dun àwọn, wọ́n á jókòó ti kúlà oúnjẹ nísàlẹ̀ lábẹ́ igi. A bá wọn kẹ́dùn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ tí a ṣí kúlà, itan adìẹ ńlá tí a fi pamọ́ fún Bàbá Lándíládì ti dàwátì. Ta ló bínú jù? Alága! Wọ́n ní ìwà kí nìyí? Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde lójú ẹsẹ̀, wọ́n bi awakọ̀ léèrè títí omi fi yọ lójú ọkùnrin yẹn, wọ́n ní àwọn ìbá ti rí ẹni náà bí kì í bá ṣe pé oorun gbé àwọn lọ díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a péjọ sí pálọ̀ Bàbá Lándíládì láti wo Olúmọ. Ó dé ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀. Bọ̀dá Kámẹ́rà ti gbé fóònù ti báàgì kan nísàlẹ̀, ó fẹ́ rí gbogbo wa bí a ṣe ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kíka dé ẹ̀wá rẹ̀ ti di kíka dé igba. Àwa kéékèèké là ń bọ̀ láti òkè. Ní igun àwòrán, lábẹ́ igi, Alága jí. Wọ́n wo ọ̀tún. Wọ́n wo òsì. Wọ́n dìde wọ̀ọ̀ láìdi orókún mú, wọ́n ṣí kúlà, wọ́n mú un. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọn ò kánjú. Wọ́n bó awọ rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n jẹ ẹ́ lọ́tọ̀. Wọ́n wá bọ́ sórí ẹran, wọ́n yí i, wọ́n pa ojú dé. Wọ́n fọ́ ọ̀pá egungun, wọ́n fa inú rẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́ sí áńkáṣíìfù, wọ́n gbé egungun sọ sẹ́yìn òkúta, wọ́n fi ẹ̀yìn ti igi, wọ́n sì sùn.

Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ mọ̀ pé Alága jókòó síwájú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè wò wọ́n lójú. Alága bá gbẹ́nu sókè, wọ́n ní, “Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀.” Ó dá a padà. Wọ́n wo ara wọn jẹ itan yẹn tán lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, “Àwòrán yìí mọ́ o. Ọmọ yìí ti mọ iṣẹ́.”

Bàbá Lándíládì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ilé bá dàrú. Ìyàwó Alága ń gbá itan, wọ́n ní nílé, awọ adìẹ, Alága ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, dókítà ti kà á léèwọ̀! Wọ́n ní kí Alága fi odindi adìẹ méjì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò páálí kan san ìtanràn, Alága sì lọ fi ẹnu ara wọn bẹ awakọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a fi ohùn ṣọ̀kan pé kò sí fídíò ẹnì kankan tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí WhatsApp láìjẹ́ pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti wò ó kó sì gbà. Mo lọ bá Bọ̀dá Kámẹ́rà ní ìkọ̀kọ̀ pé kó fi ti Alága ránṣẹ́ sí mi, èmi nìkan ni n óò máa wò ó. Ó ní òun ti pa á rẹ́. Mo ní kó tún fóònù wò dáadáa. Ó ní òun ti pa á rẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó dùn mí o, àmọ́ mo yẹ́ ẹ sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí ìyá Bàbá Lándíládì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Màmá Àgbà tí kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Kámẹ́rà. “Ṣé ìwọ lo mú Alága? Wá mú èmi náà.” Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí lè má mọ̀ pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni Màmá ń ṣe kí ojú tó máa dùn wọ́n. Láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́, tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára aṣọ funfun kó tó wọ inú aró. Ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ jù, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, ló máa ń wà nínú iṣẹ́ ọnà yẹn. Bọ̀dá Kámẹ́rà gòkè lọ, ó ní kí wọ́n gbé tábìlì súnmọ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ̀ láti ọwọ́ òsì Màmá kí òjìji ọwọ́ wọn má baà bo ohun tí wọ́n ń kọ. Kò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n débi pé bí wọ́n bá gbé ife omi, á dà sí wọn lára, ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ yẹn ṣe kan aṣọ, òpó àkọ́kọ́ jáde gbọnrangandan. Èkejì náà jáde. Lórí ìkẹta ni Màmá gbé ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní, “Pa á rẹ́. Òpó yìí wọ́.” Ó ní, “Màmá, kò wọ́ o.” Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo kọ́ Màpó ni? Padà wá ní Sátidé.”

Sátidé tó ń bọ̀ yìí nìyẹn, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, kó sì pa fóònù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Alága ní adìẹ méjì àwọn ti délé, ìyàwó wọn yóò dín wọn. Ìyá Alákàrà ló máa jókòó ti kúlà.